Ẹ Má Lu Ìdí Kóńgò

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Nígbà tí ẹ wá bá mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lágbègbè Adébáyọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, pẹ̀lú tábúlẹ́ẹ̀tì yín àti fáìlì tó ń dán, ìbéèrè kan ṣoṣo ni ẹ gbé wá. Báwo ni ẹ ó ṣe rí àwọn tí ìrora ti ń bá fínra láti ọdún pípẹ́, tí wọ́n á gbà láti wọ ìwádìí oògùn, tí wọn ò sì ní já yín jù sílẹ̀ lágbedeméjì? Mo rẹ́rìn-ín, nítorí orúnkún mi ń ta mí gan-an bí ẹ ti ń sọ ọ́, kò sì sí ẹnì kankan nínú yín tó bi mí pé kí ló dé tí mò ń pààrọ̀ ẹsẹ̀.

Mo fi ọdún tó lé ní ọgbọ̀n ṣe nọ́ọ̀sì ní Èkìtì yìí, mo sì ti gbé ìwé ìbéèrè àwọn olùwádìí kiri láti Ìjerò dé Ìwòrókò. Mo kọ èsì ìbéèrè yín sílẹ̀ nítorí pé mo mọ̀ pé ẹ kánjú lọ́jọ́ náà. Àṣìṣe ni mo fi kọ́ púpọ̀ nínú rẹ̀.

1. Ìrora kò ní ẹlẹ́rìí.

Ẹni tí ibà bá ń ṣe, ẹ ó gún un níka, kòkòrò rẹ̀ á sì fojú hàn lábẹ́ ẹ̀rọ. Ẹ̀jẹ̀ ríru ní ẹ̀rọ tirẹ̀, ìtọ̀ ṣúgà ní tirẹ̀. Ìrora tó ti lé ní oṣù mẹ́ta, tí àwọn oníṣègùn ń pè ní ọlọ́jọ́ pípẹ́, kò ní ẹ̀rọ kankan. Mo ti rí ìyá tí àwòrán orúnkún rẹ̀ burú débi pé dókítà mí kanlẹ̀, tí ìyá náà sì ń gun òkè lọ sóko lójoojúmọ́. Mo ti rí ọ̀dọ́mọkùnrin tí àwòrán ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́ bí awo tí kò lè jókòó parí ìsìn ọjọ́ Àìkú. Ẹnu ẹni náà nìkan ló kù fún wa. A ó ní kó fún ìrora rẹ̀ ní máàkì láti òdo dé mẹ́wàá, máàkì yẹn sì ni gbogbo ìwádìí yín, pẹ̀lú owó rẹ̀ àti àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n rẹ̀, yóò dúró lé lórí.

Ẹ mọ kóńgò tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀wà ní Ọjà Ọba. Oníṣòwò tó bá fẹ́ rẹ́ni jẹ á lu ìdí rẹ̀ wọnú díẹ̀. Lójú, kóńgò ni, ṣùgbọ́n ẹ̀wà tó wà níbẹ̀ kò pé kóńgò. Nínú iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ ṣe yìí, ẹnu aláìsàn ni kóńgò, ọ̀nà tí a sì fi ń lu ìdí rẹ̀ láìmọ̀ pọ̀. Ẹni tí ẹ̀yìn ti ń dùn fún ọdún márùn-ún, wọ́n ti pè é ní ọ̀lẹ nílé, àwọn nọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ mi ti pè é ní ẹni tí abẹ́rẹ́ ti di bárakú fún, àbúrò ìyá rẹ̀ sì ti ní kó lọ wádìí ẹni tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Bí ó bá jókòó níwájú yín tó ní “mẹ́sàn-án”, tí ojú yín sì yí padà díẹ̀, ó ti rí i. Ó lè fọwọ́ sí ìwé yín o, torí ọ̀wọ̀. Ẹ ò tún ní rí i mọ́.

2. Ẹ yẹ ọ̀nà wò kí ẹ tó pe àlejò.

Mo wà nínú ìwádìí orúnkún kan nígbà kan, ní ilé ìwòsàn tí n kò ní dárúkọ. Yàrá tí wọ́n fún wa wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kejì. Àtẹ̀gùn mẹ́tàdínlógójì ni. Mo mọ iye rẹ̀ nítorí pé ìyá kan kà á sí mi létí nígbà tó gòkè dé, ó sì pe Jésù lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Dókítà, onímọ̀ ìṣirò, èmi alára, gbogbo wa la ti ṣèpàdé fún ọ̀pọ̀ oṣù lórí bí a ó ṣe tọ́jú àwọn tí kò lè rìn, kò sì wá sí ẹnì kan lọ́kàn pé wọ́n á gòkè. A tún ń ṣe kàyéfì pé àwọn tí tiwọn burú jù ni kì í padà wá. Nínú ìwé wa, níwájú orúkọ wọn, a kọ ọ́ pé “kò nífẹ̀ẹ́ sí i mọ́”.

3. “A dúpẹ́” kì í ṣe ìdáhùn.

Ẹ bi ará Èkìtì pé ara ńkọ́, á ní a dúpẹ́. Ẹ bi í pé ìrora yẹn ńkọ́, á ní ó ti ń lọ, lágbára Olúwa. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn, a kì í fi ẹnu ara wa pe àìsàn mọ́ra. Ìgbàgbọ́ tún fi kún un. Ẹ̀fọ̀n Aláayè kò jìnnà sí yín, níbi tí Àpọ́sítélì Joseph Ayọ̀ Babalọlá, tó ń fi omi àdúrà wo aláìsàn, fi ṣe ibùdó, tí wọ́n sì sin ín sí nígbà tó kú ní 1959. Títí dòní, ìdílé wà káàkiri ilẹ̀ wa tó gbà pé omi àdúrà tó, àti pé ẹni tó bá ń sọ “ó ń dùn mí, ó ń dùn mí” ṣáá ti ń fi àyè sílẹ̀ fún ọ̀tá. Ẹ má fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ti rí àwọn kan nínú wọn tó wọ ìwádìí tó sì ṣe é dópin, nítorí pé ẹni tó lọ bá wọn ti kọ́kọ́ lọ kí alàgbà ìjọ wọn.

Ìyá kan wà ní Ìyìn. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀, ó ní máàkì ìrora òun jẹ́ méje. Oṣù kejì, ó ní méjì. Oṣù kẹta, méjì. Oṣù kẹrin, méjì. Ọ̀gá wa ń fi orúkọ rẹ̀ ṣàpẹẹrẹ. Lọ́jọ́ kan, mo bá a pàdé lẹ́bàá Ọjà Bísí, ó di ògiri mú, ó ń wọ́ ẹsẹ̀ bí ẹni tó so òkúta mọ́ ọn. Mo ní, “Màmá, ṣé méjì náà nìyí?” Ó wò mí títí. Ó ní, “Ọmọ mi, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń fún mi lówó ọkọ̀, tẹ́ ẹ̀ ń kí mi bí ìyá yín, ṣé kí n wá máa sọ ọ́ sí yín lójú pé oògùn yín ò ṣiṣẹ́ ni?”

Kò pa ìpàdé kan jẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Bí ẹ bá ń ka orí nìkan, òun ló dára jù nínú gbogbo wọn. Mo sì ń sọ fún yín pé ó sàn fún ìwádìí náà kó ti lọ ju kó dúró tì wá bẹ́ẹ̀. Ìfẹ́ tó ní sí wa ló fi lu ìdí kóńgò, àwa la sì fi òòlù náà lé e lọ́wọ́, nítorí pé a ò sọ fún un rí pé ìròyìn burúkú pẹ̀lú jẹ́ ohun tí à ń wá.

Nítorí náà, kí ẹ tó béèrè máàkì, ẹ bi í nípa iṣẹ́ ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀. Ṣé ó kúnlẹ̀ kí ìyá ọkọ rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, àbí ó kàn tẹ̀ ba díẹ̀? Ta ló gún iyán ọjọ́ Àìkú? Ṣé ó lè lóṣòó nílé ìgbẹ́ kó sì dìde láìdi nǹkan mú? Ẹ̀ẹ̀melòó ló jí lóru? Àwọn onímọ̀ fisioterápì ní Ìbàdàn ti rí èyí tipẹ́. Akínpẹ̀lú àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìwé ìbéèrè orúnkún àti ìgbáròkó tó ń jẹ́ IKHOAM, Ìbàdàn sì ni lẹ́tà àkọ́kọ́ yẹn dúró fún, kó lè bá ìgbé ayé wa níhìn-ín mu. Ilé-Ifẹ̀ náà ti tú ìwé ìbéèrè Roland-Morris, ti ẹ̀yìn dídùn, sí Yorùbá. Ẹ lò wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ìyá tó ń pe ilé ní ulé yóò dáhùn Yorùbá inú ìwé bí ẹni tó dúró níwájú olùkọ́. Ẹ fi èdè ìlú rẹ̀ bá a sọ ọ́. Ẹ jẹ́ kó fẹnu ara rẹ̀ sọ bóyá ó ń ta, ó ń ṣán, ó ń gún, ó ń jó, tàbí ó ń rìn kiri bí èèrà. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ náà bó ṣe sọ ọ́, nítorí èyí tó ń jó bí iná lè jẹ́ ọ̀ràn iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára, kó má jẹ́ ti oríkèé rárá. Èdè wa náà ni oyin ti ń dùn tí ẹ̀yìn sì ń dùn.

4. Odò tí ẹ kà lánàá lè ti gbẹ.

Louis Lasagna, oníṣègùn ará Amẹ́ríkà kan, ló fi ṣe àwàdà pé ọjọ́ tí ìwádìí bá bẹ̀rẹ̀ ni àwọn aláìsàn tó kún ilé ìwòsàn á pòórá, ọjọ́ tó bá parí ni wọ́n á tún yọjú. Àwàdà náà ti di òfin lẹ́nu àwọn olùwádìí. Ẹ má fi iye tí ẹ rí nínú fáìlì ṣe ìṣirò. Àwọn kan ní ọgbẹ́ inú tí kò ní jẹ́ kí wọ́n lè gba oògùn yín, àwọn kan ti lọ bá ọmọ wọn tọ́jú ọmọ ní Èkó. Ẹni tí ìrora sì ti sú pátápátá kò sí nílé ìwòsàn mọ́. Ó wà nípàdé àwọn òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì, ó wà lọ́dọ̀ teguntegun, lẹ́nu ọ̀nà kẹ́místì nírọ̀lẹ́, lọ́dọ̀ ìyá alágbo. Ẹ lọ síbẹ̀. Ẹ má mú fọ́ọ̀mù dání lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

5. Oògùn tí wọn kì í pè ní oògùn.

“Oògùn wo lẹ̀ ń lò lọ́wọ́, Bàbá?” “N ò lo nǹkan kan.” “Alabukun ńkọ́?” “Há, ṣé Alabukun náà di oògùn!”

Láti 1918 tí Jacob Odulate ti gbé e jáde ní Abẹ́òkúta ni Alabukun ti di ará ilé. Kò sì sẹ́ni tó ń ka ará ilé mọ́ àlejò. Aspirin àti caffeine ló wà nínú rẹ̀. Bí bàbá yìí bá ń dà á sẹ́nu láràárọ̀, tó bá tún ń gbé oògùn ìrora Feldene mì lọ́jọ́ oko, tí àgbo olótìí sì wà lábẹ́ ibùsùn, oògùn yín lè má ṣe nǹkan kan kí ara rẹ̀ sì yá, tàbí kó ba inú rẹ̀ jẹ́ kí ẹ má mọ èyí tó bà á jẹ́ nínú wọn.

Tramadol lẹ́rù ju èyí lọ. Ní 2018 ni ìjọba àpapọ̀ fòfin de ṣíṣe omi ikọ́ oní-codeine àti kíkó o wọlé, tí wọ́n sì dojú ìjà kọ tramadol alágbára. Láti ìgbà náà, ọlọ́kadà tó ń lò ó nítorí ẹ̀yìn rẹ̀ kò ní jẹ́wọ́ fún ẹni tó mú bíírò dání. Bí ẹ bá la ẹnu pé “Háà!”, ọ̀rọ̀ ti tán. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹ ṣe ń kọ ọjọ́ orí, kí ẹ sì sọ fún un kó tó dáhùn pé ìwé náà kò ní dé ọwọ́ ọlọ́pàá.

Ìwádìí tó bá ní kí aláìsàn fi gbogbo oògùn rẹ̀ sílẹ̀, tí kò sì fún un ní nǹkan kan tí yóò lò lóru tí ìrora bá gbé e dìde, ìkà ni. Ẹ fún un ní èyí tí ìwé ìlànà yín gbà láyè, ẹ ka iye tó lò, kí ẹ má sì bá a wí nígbà tó bá lò ó tán.

6. Ẹ ṣàlàyé kèké dáadáa.

Ẹ má sọ pé “a ó dìbò”. Ní Èkìtì, bí ẹ bá ti dárúkọ ìbò, wọ́n á wo ọwọ́ yín bóyá ìrẹsì wà níbẹ̀. Láti 2014 ni “stomach infrastructure”, ìyẹn oúnjẹ tí olóṣèlú ń pín, ti di ọ̀rọ̀ ẹnu ọmọdé. Ẹ pè é ní kèké. Kọ̀ǹpútà ni yóò ṣẹ́ ẹ, dókítà fúnra rẹ̀ kò ní mọ èyí tó bọ́ sí ọwọ́ ta, àwọn kan yóò gba ojúlówó oògùn, àwọn kan yóò gba àfarawé tó jọ ọ́ tí kò ní nǹkan kan nínú. Níbí ni ojú á ti le. “Ara ń ro mí, ẹ wá fẹ́ máa fún mi ní ẹfun jẹ?” Ìbéèrè gidi ni. Ẹ má fò ó.

Èmi a máa fi ìtàn kan dáhùn. Ẹni-ọ̀wọ̀ Ògúnyẹmí ní àgbo ìdílé kan fún fòníkú-fọ̀ladìde, àìsàn tí ìrora rẹ̀ ń dé bí ìjì, tí egungun á máa ro bí ìgbà tí wọ́n ń fi ọmọ odó gún un. Ohun tó wà nínú àgbo náà kò ṣàjèjì sí ìyá kankan tó ń ná Ọjà Ọba: ìyèré, osùn, kànáfùrù àti ọkà bàbà. Ó gbé e lọ fún NIPRD, ilé-iṣẹ́ ìwádìí oògùn ti ìjọba àpapọ̀ ní Àbújá, níbi tí Charles Wambebe ti jẹ́ ọ̀gá. Wọn ò fi ṣẹ̀sín, wọn ò sì gba ẹnu lásán gbọ́. Wọ́n kó aláìsàn 82 jọ, wọ́n ṣẹ́ kèké. Apá kan gba oògùn, apá kejì gba àfarawé. Nígbà tó yá, wọ́n pààrọ̀, ẹni tó gba àfarawé ṣáájú wá gba ojúlówó. Aláìsàn kò mọ̀, ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ kò mọ̀. Ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2001 fi hàn pé oògùn náà, Niprisan, dín iye ìgbà tí ìrora ńlá ń kọ lu àwọn èèyàn náà kù. Láìsí àfarawé yẹn, kò sí bí ẹnikẹ́ni ì bá ṣe mọ èyí tó jẹ́ iṣẹ́ osùn àti èyí tó jẹ́ iṣẹ́ ìrètí.

Mo ti rí ìyá arúgbó tó rẹ́rìn-ín nígbà tó gbọ́ pé ìyèré ti ìdí ọbẹ̀ òun ti ṣẹ́ kèké rí. Ó fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dá ìtàn náà dúró níbẹ̀, ẹ ti tan án jẹ. Ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan, Xechem, gba àṣẹ láti máa ṣe oògùn náà, wọ́n sì gbé e jáde ní 2006 lórúkọ Nicosan. Ní 2008, gbèsè gbé ilé-iṣẹ́ náà dé kóòtù, oògùn náà sì di àwátì. Nítorí náà, bí aláìsàn bá bi yín pé, “Bí ó bá bá mi lára mu, ta ni yóò máa fún mi nígbà tí ẹ bá lọ?”, ẹ ti gbọ́dọ̀ bi àwọn ọ̀gá yín ní ìbéèrè kan náà kí ẹ tó kúrò lọ́fíìsì. Bí ìdáhùn bá jẹ́ “kò sẹ́ni”, ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Àwọn kan á ṣì fọwọ́ sí i. Ẹnu á yà yín.

7. Ẹ má ṣèlérí ìwòsàn.

Àwọn olùwádìí ní Yunifásítì McGill ní Kánádà fi hàn ní 2015 pé láti 1990 sí 2013, ìtura tí àfarawé ń mú wá nínú ìdánwò oògùn ìrora iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára ní Amẹ́ríkà ń ga sí i lọ́dọọdún. Ẹni tí ẹ bá ti fi ẹ̀rín àti ìlérí kún inú rẹ̀, ẹfun náà á wò ó sàn fún oṣù kan. Ẹ kí i dáadáa, ẹ jókòó tì í, ẹ pa ẹnu mọ́ lórí ohun tí oògùn lè ṣe.

8. Wọ́n ti gbọ́ nípa Kánò.

Àwọn aláìsàn lè má mọ orúkọ oògùn tí wọ́n dán wò níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́. Ní 1996, nígbà tí yírùnyírùn ń pa àwọn ọmọdé ní Kánò, ilé-iṣẹ́ Pfizer dán Trovan wò lára ọmọ 200, ìdajì gbà á, ìdajì gba ceftriaxone. Ọmọ 11 kú, àwọn mìíràn di aláàbọ̀ ara. Àwọn òbí ní kò sẹ́ni tó sọ fún àwọn pé ìdánwò ni, Pfizer ní òun kò jẹ̀bi, ọ̀rọ̀ náà sì rìn rìn rìn títí di 2009, nígbà tí ilé-iṣẹ́ náà àti Ìpínlẹ̀ Kánò fẹnu kò sí mílíọ̀nù 75 dọ́là. Láàárín ìgbà yẹn, ní 2003, Kánò ti ilẹ̀kùn mọ́ àjẹsára rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀.

Bí ìyá kan ní Ìgèdè bá ní “Ṣé kì í ṣe bíi ti Kánò?”, ẹ má bínú. Ẹ sọ ohun tó ti yàtọ̀ fún un. Orílẹ̀-èdè ní ìwé ìlànà ìwà ẹ̀tọ́ fún ìwádìí ìlera láti 2007, òfin ìlera ti 2014 sì dúró lẹ́yìn rẹ̀. NAFDAC gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìdánwò oògùn. Ilé ìwòsàn olùkọ́ni ti Adó àti ti Ìdó ní ìgbìmọ̀ tó ń yẹ irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ wò. Ẹ kọ nọ́ńbà ìgbìmọ̀ náà sórí ìwé tó máa mú lọ sílé, kó lè fi yín sùn. Mo ti rí ọ̀dọ́ olùwádìí tó fi nọ́ńbà ara rẹ̀ síbẹ̀. Ta ni yóò pe olè kó fi olè sùn?

Ẹ kọ́ wọn bí wọn yóò ṣe jáde kí ẹ tó kọ́ wọn bí wọn yóò ṣe wọlé: pé ọjọ́ tó bá wù wọ́n ni, láìsọ ìdí, àti pé ìtọ́jú wọn nílé ìwòsàn kò ní yingin. Ó lè jọ pé ẹ̀ ń lé èèyàn. N kò tíì rí ẹni tó tìtorí ẹ̀ sá.

Bàbá àgbà tó bá kọ̀ láti tẹ ìka, ẹ rò ó wò pé bóyá irú ìka bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ ìdílé rẹ̀ bá lọ. Ẹ jẹ́ kó gbé ìwé náà lọ sílé kí ọmọ rẹ̀ kà á. Tí ẹ bá sì fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀, ẹ má sọ mílílítà. Ẹ fi ṣíbí tíì hàn án, ẹ sọ pé ó tó báyìí, kí ẹ sọ ibi tó ń lọ.

9. Owó ọkọ̀, fóònù, àti oṣù tí a wà.

Láti ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún 2023, tí wọ́n kéde pé owó ìrànwọ́ epo ti lọ, iye tí wọ́n ń gbà láti Aràmọ̀kọ́ sí Adó kò padà síbi tó wà mọ́. Ẹ fún aláìsàn lówó ọkọ̀ nígbà tó bá dé, kí ó má jókòó wákàtí mẹ́ta pẹ̀lú ìdààmú bóyá òun á rí owó padà sílé. Ẹ má sì jẹ́ kó pọ̀ jù. Ìrora kò ní ẹlẹ́rìí, mo ti sọ bẹ́ẹ̀. Bí owó bá dùn jù, ẹni tó sáré dé yóò bẹ̀rẹ̀ sí tiro lẹ́nu ọ̀nà yín.

Ẹ wo kàlẹ́ńdà wọn, ẹ má wo tiyín. Nígbà tí òjò àkọ́kọ́ bá rọ̀, iṣu ń pè wọ́n. Nígbà ìkórè kòkó, ẹ ò ní rí ọkùnrin. Oṣù kẹjọ, Ùdírókò ń bọ̀ ní Adó. Ọjọ́ Ẹtì àti Sátidé, ìsìnkú. Nígbà tí a ti ọjọ́ ìpàdé sí àárọ̀ Ọjọ́rú, ọ̀pọ̀ tí a ti pè ní ìsáǹsá padà wá.

Fóònù dára. Odole àti Ojo ní Ìbàdàn pín aláìsàn orúnkún 50 sí méjì, apá kan ń wá ṣe ìdárayá nílé ìwòsàn, apá kejì ń gba ìtọ́ni lórí fóònù nílé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Apá méjèèjì ló rí ìtura. Èyí tí ẹ lè fi fóònù ṣe, ẹ má fi òkè gígun ṣe é. Ṣùgbọ́n fóònù ìyá lè wà lọ́wọ́ ọmọ-ọmọ tó ń lọ Poly, nítorí náà ẹ gba nọ́ńbà mẹ́ta, ẹ kọ orúkọ ilé bí wọ́n ṣe ń pè é ládùúgbò, ẹ béèrè ìgbà tí wọ́n fẹ́ kí ẹ pè. Ẹ má fi fóònù ta wọ́n lólobó kí wọ́n wá fi káàdì tiwọn pè yín padà.

10. Ẹni tó bá lọ mú ìròyìn lọ.

Bí ogójì bá wọlé tí ọgbọ̀n sì kù, ẹ má sáré ka ọgbọ̀n. Àwọn mẹ́wàá yẹn lè jẹ́ ẹni tí oògùn pa lára, wọ́n sì lè jẹ́ ẹni tí ara ti yá tó ti padà sóko. Bí ẹ bá ka ẹni tó kù nìkan, ìdí kóńgò ti wọnú. Ẹ lọ bá wọn, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, láti béèrè. Ẹ má lọ wọ́ wọn padà.

Ẹ wo ọ̀ràn Vioxx, oògùn ìrora oríkèé tí gbogbo ayé ń lò nígbà kan. Ilé-iṣẹ́ Merck yọ ọ́ kúrò lọ́jà ní ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án 2004. Ìwádìí kan tó ní ènìyàn tó lé ní 2500 ló tú u fó, wọ́n tilẹ̀ ń wo ọ̀ràn ìfun ni. Wọ́n rí i pé lẹ́yìn oṣù 18, àrùn ọkàn àti rọpárọsẹ̀ pọ̀ lára àwọn tó ń lò ó ju àwọn tó gba àfarawé lọ. Àwọn tó ní sùúrù tó láti dúró kọjá oṣù 18 ló mú ìmọ̀ yẹn wá. Àríyànjiyàn tó sì tẹ̀ lé e dá lórí àwọn tó ti fi oògùn náà sílẹ̀: nínú ìṣirò àkọ́kọ́, ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sí wọn lẹ́yìn ọjọ́ 14 kò sí nínú ohun tí wọ́n kà.

11. Ẹ padà lọ sọ ohun tí ẹ rí.

Bàbá kan wà ní Àfàò, ẹ̀yìn ló ń dùn ún, tísà ni tẹ́lẹ̀. Ó kọ máàkì ìrora rẹ̀ lálaalẹ́ sínú ìwé kékeré, láàárín oṣù mẹ́fà, pẹ̀lú bíírò pupa, bí ẹni tó ń máàkì iṣẹ́ ọmọ ilé-ìwé. Nígbà tí a parí, ó ní, “Nọ́ọ̀sì, kí ni gbogbo wa gbà?” Mo ní a ó sọ fún un. Mo bi àwọn ọ̀gá lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní wọ́n ń kọ ọ́. Wọ́n kọ ọ́ lóòótọ́, wọ́n kà á níbi àpérò kan lókè òkun, ó sì dé ọwọ́ mi nígbà tí mo ti fẹ̀yìn tì: ojú ìwé mẹ́jọ ní Gẹ̀ẹ́sì, ìlà bíi mẹ́ta péré nínú rẹ̀ ló kan ohun tí bàbá náà béèrè.

Mo gba ọkọ̀ lọ sí Àfàò lọ́jọ́ kejì. Mo ti tú ìlà mẹ́ta náà sí Èkìtì nínú ìwé pélébé kan, kí n má bàa gbàgbé. Ìyàwó rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn. Wọ́n ti sin ín láti oṣù kejìlá. Ó ní kí n wọlé jókòó, ó sì lọ gbé ìwé kékeré náà wá. Lẹ́yìn tí a lọ, bàbá kò dáwọ́ dúró. Máàkì alaalẹ́ wà níbẹ̀ fún ọdún kan àti oṣù mẹ́rin, pẹ̀lú bíírò pupa, títí dé ọ̀sẹ̀ tó kú.